Yíya ọwọ́ ènìyàn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: ẹ lé ìtì kí ẹ tó fín ìka

Bí ẹ bá ní kí ẹni tí kò yàwòrán rí ya ọwọ́, ìka kan ni yóò kọ́kọ́ fà. Yóò fi èékánná sí i, yóò tún fa òmíràn tì í. Kó tó dé orí ọmọńdinrín, ìka ti gba gbogbo ojú ìwé, àtẹ́lẹwọ́ kò ríbi dúró mọ́, àtàǹpàkò á sì máa yọ níbi tí kò yẹ. Kì í ṣe pé onítọ̀hún kò ní ẹ̀bùn. Ohun tó yẹ kó gbẹ̀yìn ló fi ṣíwájú.

Àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ Èkìtì ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Nígbà tí Fadá Kevin Carroll, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì, bẹ̀rẹ̀ ibi iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ọdún 1947, George Bándélé, ọmọ Aréógun ará Ọ̀sì, wà lára àwọn ọ̀gá tó gbẹ́gi níbẹ̀, ọ̀dọ̀ Bándélé yìí sì ni gbajúmọ̀ agbẹ́gilére nì, Lamidi Fakeye, ti kọ́ iṣẹ́ sí i. Ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére wọ̀nyí ń pín iṣẹ́ wọn sí. Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé, níbi tí àáké ti ń gé ìtì igi sí ìrísí ńlá-ńlá. Lẹ́yìn ìyẹn ni alétúnlé, tí wọ́n fi ń pín ìrísí ńlá sí kéékèèké. Dídán ló tẹ̀ lé e, kí ojú igi lè jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn: ibẹ̀ ni ọ̀bẹ ti ń fa ilà ojú, irun àti àrà ara aṣọ. Ẹni tó bá ń fín ojú nígbà tí kò tíì lé orí, igi ló ń bà jẹ́. Ìpele mẹ́rin yìí náà ni a ó fi ya ọwọ́, mo sì rọ̀ yín kí ẹ má fo ọ̀kankan.

Ohun èlò

Ẹ má tìtorí ohun èlò dúró. Pẹ́ńsù HB kan fún ìlà fífúyẹ́, 2B tàbí 4B kan fún ibi tó dúdú, írésà, àti bébà tí kò nílà, ó tó. Bébà A4 tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tòkọ́pì ló dára jù fún ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò wọ́n, ẹ kò sì ní máa ṣahun rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí 4B rà lè mú èédú tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ibi ìdáná. Ó máa ń dúdú dáadáa, àmọ́ ó máa ń ta sí aṣọ.

Ìmọ́lẹ̀ ṣe pàtàkì ju pẹ́ńsù lọ. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè máa ti apá kan wá, kí apá kejì sì ní òjìji. Bí ó bá jẹ́ alẹ́ tí iná sì ti lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù tí ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ kan sàn ju iná tó ń tàn látòkè lọ, nítorí pé òjìji tó máa ń fún ọwọ́ ní ìrísí yóò hàn kedere.

Ọwọ́ tí ẹ kò fi yàwòrán ni ẹ ó máa wò. Bí ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń di pẹ́ńsù, ọwọ́ òsì ni yóò dúró fún yín. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ya ọwọ́ ọ̀tún, ẹ gbé ọwọ́ òsì síwájú dígí: ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ ó rí nínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ọwọ́ yín

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ní sùúrù fún, ibí yìí náà sì ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí jù. Ẹ ya ẹyọ ìgbálẹ̀ kan láti fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ na ọwọ́ òsì sórí tábìlì, kí ẹ̀yìn ọwọ́ wà lókè. Ẹ gbé ìgbálẹ̀ náà lé e láti ọrùn ọwọ́ dé oríkèé ńlá tí ìka àárín ti yọ, kí ẹ ṣẹ́ ẹ níbẹ̀. Ẹ wá gbé èyí tí ẹ ṣẹ́ náà láti oríkèé yẹn lọ sí orí ìka àárín. Ẹ ó rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìdajì ọwọ́ ni ìka, ìdajì ni ara ọwọ́. Ẹni tó bá fi ìyẹn sọ́kàn ti bọ́ lọ́wọ́ ìdajì ìṣòro.

Ẹ yí ọwọ́ padà, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè. Ìka wá dà bí ẹni pé ó kúrú sí i, àtẹ́lẹwọ́ sì gùn. Egungun kankan kò yí padà. Awọ àti ẹran tó so ìka pọ̀ ló bo ìdajì egungun àkọ́kọ́ ti ìka kọ̀ọ̀kan lápá ibẹ̀ yẹn. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ya ẹ̀yìn ọwọ́, ẹ jẹ́ kí ìka gùn. Bí ó bá jẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ẹ jẹ́ kí ó kúrú díẹ̀. Ẹni tó fi gígùn kan náà ya méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ kò ní jọ ọwọ́ gidi, kò sì ní mọ ohun tó fà á.

Àwọn ìwọ̀n mìíràn rèé, kí ẹ yẹ̀ wọ́n wò lára ọwọ́ tiyín. Ìka ìlábẹ̀ àti ìka òrùka kúrú ju ìka àárín lọ díẹ̀; orí wọn máa ń dé itòsí ibi tí èékánná ìka àárín ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ẹnì kan sì lè yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn níbi èyí tó gùn jù nínú àwọn méjèèjì. Orí ọmọńdinrín máa ń sún mọ́ oríkèé tó kẹ́yìn lára ìka òrùka. Bí àtàǹpàkò bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọwọ́, orí rẹ̀ kì í kọjá nǹkan bí àárín egungun àkọ́kọ́ ìka ìlábẹ̀. Ẹ gbé ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ sí àgbọ̀n yín: orí ìka àárín yóò gun iwájú orí. Ìwọ̀n yìí wúlò gan-an fún ìgbà tí ẹ bá ń ya odindi ènìyàn, nítorí pé ọwọ́ tí àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ń yà sí ara ènìyàn máa ń kéré jù.

Egungun 27 ló wà nínú ọwọ́ kan: 8 kéékèèké ní ọrùn ọwọ́, 5 nínú ara ọwọ́, 14 nínú ìka. Ìka mẹ́rin ní mẹ́ta-mẹ́ta, àtàǹpàkò ní méjì. Ẹ kò nílò láti há orúkọ wọn sórí. Ohun tó kàn yín ni pé kò sí ibi tí ìka ti lè ṣẹ́ po àfi ní oríkèé, àti pé ìka kò ní iṣu ẹran tó ń gbé e. Iṣan gbọọrọ tó ti apá wá ló ń fà á. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn ìka fi le tó sì tẹ́, tí abẹ́ rẹ̀ sì rọ̀ tó wú díẹ̀ láàárín oríkèé kan sí èkejì. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ ó mọ̀ ọ́n.

Ọnà lílé: ìtì ńlá

Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ òsì wà lórí tábìlì bó ṣe wà, ìka mẹ́rin súnmọ́ra, àtàǹpàkò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ di pẹ́ńsù mú jìnnà sí ẹnu rẹ̀ kí ìlà yín lè fúyẹ́. Ẹ fún ojú pọ̀ díẹ̀, kí èékánná àti ilà má baà gba ọkàn yín.

Ẹ fi àmì kékeré sí ibi tí ọwọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀ lókè bébà àti ibi tí yóò parí sí nísàlẹ̀. Ẹ pín àárín wọn sí méjì. Nínú ìdajì ìsàlẹ̀, ẹ fa àpótí kan fún ara ọwọ́. Kì í ṣe àpótí tó dọ́gba ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ó fẹ̀ lápá ìka, ó sì fún díẹ̀ lápá ọrùn ọwọ́. Ìlà òkè rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ́ gbalaja. Ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ìka àárín lọ sí ọmọńdinrín. Nínú ìdajì òkè, ẹ fa ìrísí kan ṣoṣo tó gba ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, bí ẹni pé a fi aṣọ dì wọ́n. Ibi tó ga jù nínú rẹ̀ ni orí ìka àárín. Ẹ má tíì pín in.

Fún àtàǹpàkò, ẹ fa igun mẹ́ta kan tó bẹ̀rẹ̀ láti itòsí ọrùn ọwọ́, tó sì yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà. Ẹ wá fa ọrùn ọwọ́: ó fún ju ara ọwọ́ lọ, ó sì pẹlẹbẹ. Ẹ jẹ́ kí díẹ̀ nínú apá wà nínú àwòrán, nítorí pé ọwọ́ tí kò ní ọrùn máa ń dà bí èyí tí wọ́n gé.

Ọnà lílé parí nìyẹn. Kò yẹ kó gbà yín ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ yí ọwọ́ sí ipò mìíràn, kí ẹ tún lé e. Ẹ di ìkúùkù, kí ẹ lé e. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ dúró, ẹ lé e. Ẹ jẹ́ kí ojú bébà kan kún fún ìtì lásán láìsí ìka kan nínú rẹ̀. Bí ìrísí ńlá yìí bá ti jọ ọwọ́ láti òkèèrè, ohun yòówù tí ẹ bá gbé lé e lẹ́yìn náà yóò dúró. Bí kò bá jọ ọ́, èékánná tó dára jù lọ kò lè tún un ṣe, ẹ mú bébà mìíràn.

Alétúnlé: pípín ìka

Ẹ wo oríkèé tó wà lẹ́yìn ọwọ́ yín, ibi tí ìka mẹ́rin ti yọ. Wọn kò tò lórí ìlà gbọọrọ. Ìlà tó tẹ̀ bí ọrun ni wọ́n tò lé. Oríkèé kejì náà tẹ̀, ẹ̀kẹta tẹ̀, orí ìka pàápàá tẹ̀, ìtẹ̀sí wọn sì ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń lọ sókè. Nítorí náà, kí ẹ tó pín ìka, ẹ fa àwọn ìlà títẹ̀ yìí kọjá lára ìrísí tó gba ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n yóò sọ ibi tí oríkèé kọ̀ọ̀kan wà fún yín. Lápá ẹ̀yìn ọwọ́, abala àkọ́kọ́ ìka ló gùn jù, ìkejì kéré sí i, ìkẹta ló kúrú jù.

Ẹ wá fa ìlà kan láàárín, èyí tó ya ìka àárín sọ́tọ̀ kúrò lára ìka òrùka, kí ẹ tó pín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ọmọńdinrín ló tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ẹ má jẹ́ kí ó gba àyè tó ti ìka ìlábẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ abala kọ̀ọ̀kan di agolo kékeré: róbótó ní orí, róbótó ní ìdí, agolo mẹ́ta lórí ara wọn fún ìka kan. Ó lè dà bí eré ọmọdé, àmọ́ agolo yìí ni yóò jẹ́ kí ẹ lè ṣẹ́ ìka po nígbà tó bá yá láìṣe pé ó rọ̀ bí okùn.

Bí ìka bá yà síra, ẹ ṣọ́ ibi tí wọ́n dorí kọ. Wọn kì í dúró gbọnrangandan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ẹ bá fa ìlà gba inú ìka kọ̀ọ̀kan wá sísàlẹ̀, gbogbo wọn yóò fẹ́ pàdé nítòsí ọrùn ọwọ́. Bí ẹ bá sì ká wọn wọ inú, orí wọn máa ń forí lé ìdí àtàǹpàkò.

Ohun kan tún wà tó máa ń gba olùbẹ̀rẹ̀ là nígbà tí ìka bá ta kókó mọ́ ọn lójú: ẹ fi ìka sílẹ̀, kí ẹ ya àlàfo. Ẹ wo afẹ́fẹ́ tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀. Irú igun mẹ́ta wo ni? Ẹ ya igun mẹ́ta yẹn gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Ojú wa ti mọ ìka jù, ó sì máa ń purọ́ fún wa nípa rẹ̀. Kò mọ àlàfo, nítorí náà ohun tó rí gan-an ló máa ń sọ.

Àtàǹpàkò fúnra rẹ̀

Bí ìka mẹ́rin ṣe ń ṣe kọ́ ni àtàǹpàkò ń ṣe. Ẹ tún wo ọwọ́ tó wà lórí tábìlì: èékánná ìka mẹ́rin kọjú sí yín, ti àtàǹpàkò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ ń rí nígbà tí ẹ bá ń rí ẹ̀yìn ìka yòókù. Bí ẹ bá ya èékánná mẹ́rin àti ti àtàǹpàkò kí wọ́n kọjú síbì kan náà, ọwọ́ náà yóò dà bí àtẹ́lẹsẹ̀.

Ìdí àtàǹpàkò kò sí lókè àtẹ́lẹwọ́, itòsí ọrùn ọwọ́ ló wà. Ẹ yí i káàkiri kí ẹ rí ibi tí ìṣípòpadà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹran róbótó tó nípọn tó wà lápá àtẹ́lẹwọ́ níbẹ̀ jẹ́ ti àtàǹpàkò, kì í ṣe ti àtẹ́lẹwọ́. Ìlà ńlá tó yí i ká ni ààlà wọn. Abala mẹ́ta lẹ ó fi ya àtàǹpàkò: ẹran ìdí rẹ̀ bí ẹyin, abala àárín tó fún díẹ̀, àti abala orí tó fẹ̀ tó sì máa ń tẹ̀ sẹ́yìn. Awọ tó so ó mọ́ ìka ìlábẹ̀ máa ń tẹ̀ kọrọdọ. Ẹ má ṣe fa igun ṣóńṣó síbẹ̀.

Dídán: ìlà tó kẹ́yìn

Ẹ fi írésà rọra fọwọ́ kan gbogbo ìlà tó wà nílẹ̀ kí wọ́n lè rẹlẹ̀, ẹ má pa wọ́n rẹ́ tán. Ẹ wá mú 2B, kí ẹ fa ìlà tó so agolo pọ̀. Níbi tí egungun bá ti sún mọ́ awọ, bí ẹ̀yìn ìka, ìlà yín yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́, yóò sì le. Níbi tí ẹran bá wà, bí abẹ́ ìka àti ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lápá ọmọńdinrín, ìlà yín yóò wú díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wíwú apá kan kọjú sí wíwú apá kejì ní ibì kan náà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ìka yóò dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín.

Ẹ tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ níbi tí nǹkan méjì ti fara kan ara wọn, bí àárín ìka àti abẹ́ ọwọ́ tó kan tábìlì. Ẹ jẹ́ kó fúyẹ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ń bà. Ìlà tó nípọn kan náà yí ká ọwọ́ máa ń sọ ọ́ di àwòrán inú ìwé ABD.

Fínfín, àti àwọ̀ ara wa

Ìgbà yìí la tó kan èékánná. Ó gba nǹkan bí ìdajì abala tó kẹ́yìn, ó tẹ̀ tẹ̀ lé ìka, kò tẹ́ pẹrẹsẹ bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fa ìdí rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ kan péré, kí ẹ fi apá tí ìmọ́lẹ̀ ń bà sílẹ̀. Lórí oríkèé, ilà kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta tó. Ọwọ́ ọmọ ọwọ́ kò nílò rẹ̀ rárá: kòtò kékeré ni oríkèé tirẹ̀ máa ń ṣe, ìka rẹ̀ kúrú, ìdí rẹ̀ nípọn. Ọwọ́ àgbàlagbà ni ilà ti ń pọ̀. Oríkèé rẹ̀ máa ń yọ ju abala ìka lọ, iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ sì máa ń hàn gbangba.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ àwòrán tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti ọwọ́ òyìnbó, ẹni tó bá sì fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe yóò fi ohun kan sílẹ̀ tó jẹ́ ẹwà ọwọ́ tiwa. Ẹ̀yìn ọwọ́ aláwọ̀ dúdú ṣókùnkùn, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́. Ààlà àwọ̀ méjèèjì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ìka kọjá, ó sì máa ń hàn dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín. Ẹ wá a lára ọwọ́ yín, kí ẹ yà á. Nínú àtẹ́lẹwọ́, ilà ló dúdú ju ara lọ, nítorí náà ẹ lè fi pẹ́ńsù ṣe wọ́n kedere. Lórí oríkèé ẹ̀yìn ọwọ́, awọ máa ń dúdú ju ti àyíká rẹ̀ lọ.

Láti fi àwọ̀ náà hàn, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsù kun gbogbo ẹ̀yìn ọwọ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ẹ kun apá òjìji lẹ́ẹ̀kejì, àárín ìka lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ wá fi igun írésà gbé ìmọ́lẹ̀ jáde lórí oríkèé àti èékánná. Lára awọ dúdú, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń tàn máa ń ta yọ gan-an, àgàgà bí onítọ̀hún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí para. Ẹ má bẹ̀rù òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ máa ń dúró ní àwọ̀ eérú, tí ọwọ́ tí wọ́n yà á sì dà bí ọwọ́ tí eruku bò.

Ìka tó kọjú sí yín

Ẹ na ìka ìlábẹ̀ sí ojú ara yín. Gígùn rẹ̀ ti pòórá, orí rẹ̀ ló gba gbogbo àyè. Agbẹ́gilére ni Ọlọ́wẹ̀, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó sì ṣiṣẹ́ ní Ìsẹ̀-Èkìtì títí ó fi kú ní 1938. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, débi pé àwọn ènìyàn ara rẹ̀ ń yọ jáde kúrò lára pákó. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní 1924, ilé ọnà British Museum ló sì wà báyìí. Ọlọ́wẹ̀ ní igi tó nípọn láti fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bébà kò nípọn, nítorí náà ìbòra nìkan ni ẹ ní: èyí tó sún mọ́ yín bo èyí tó jìnnà.

Ẹ ya orí ìka ní róbótó ńlá. Ẹ ya róbótó kejì lẹ́yìn rẹ̀ fún oríkèé, kí apá kan rẹ̀ fara pamọ́. Ẹ ya ẹ̀kẹta, kí ó fara pamọ́ sí i. Ẹ so ẹ̀gbẹ́ wọn pọ̀, kí ìlà èyí tó wà níwájú sì wọ inú díẹ̀ kọjá èyí tó wà lẹ́yìn. Ìlà kékeré tó wọ inú yẹn ló ń ti ìka síwájú. Ẹ má wọn ìka náà pẹ̀lú ìmọ̀ tí ẹ ní nípa gígùn rẹ̀. Ohun tí ojú rí ni kí ẹ yà, bí ó tilẹ̀ kúrú ju bí ọkàn yín ṣe fẹ́ lọ.

Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́

Ọwọ́ tó di nǹkan mú rọrùn ju ọwọ́ òfìfo lọ ní ọ̀nà kan, nítorí pé ohun tó dì mú ń sọ ibi tí ìka yóò wà. Ní Èkìtì, ibo la ó ti bẹ̀rẹ̀ bí kò ṣe nídìí ìyán? Ẹ ya ọmọ odó ná, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ kankan kò sí lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ lé ọwọ́ mọ́ ọn ní ìtì kan. Ìlà oríkèé kì í dábùú ọmọ odó pérépéré, ó máa ń dà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ odó náà máa ń gba inú àtẹ́lẹwọ́ kọjá ní ìdàgẹ̀rẹ́. Àtàǹpàkò á ká lé orí ìka láti apá kejì. Ẹ pa apá ọmọ odó tí ọwọ́ bò rẹ́ nígbẹ̀yìn.

Òkèlè ni ìdánwò tó tẹ̀ lé e. Ẹ sọ fún ẹnì kan nílé kó dúró díẹ̀ kó tó ti òkèlè bọ ọbẹ̀, tàbí kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bó bá jẹ́ pé ebi ń pa á. Òkèlè jókòó sórí ìka ìlábẹ̀ àti ìka àárín, ìka òrùka gbè é lẹ́yìn, àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ látòkè. Ọmọńdinrín sábà máa ń yà sọ́tọ̀ díẹ̀. Ẹ ya òkèlè ní róbótó, kí ẹ tó yí ìka ká a. Ibi tí àtàǹpàkò ti tẹ ìyán wọlé, ẹ fi òjìji kékeré sí i, ìyán náà yóò rọ̀ lójú ẹni tó ń wò ó.

Nígbà tí ọwọ́ tó wà nílé kò bá tó yín mọ́, ẹ jáde. Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì kún fún ọwọ́ tó ń ṣe ohun kan náà léraléra: èyí tó ń ka ata jọ, èyí tó ń bó ẹ̀gúsí, èyí tó ń ká owó. Ìsàn-Èkìtì ní àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò, ọwọ́ tó ń mọ amọ̀ sì lẹ́wà láti yà. Iṣẹ́ tó ń padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ló dára fún olùbẹ̀rẹ̀: bí ọwọ́ bá kúrò ní ipò tí ẹ ń yà, ẹ dúró, yóò tún padà dé.

Ẹ má kàn jókòó kí ẹ máa wo ìyá ọlọ́jà lọ́wọ́ láìkí i. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ, kí ẹ ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ ó jèrè o. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ń kọ́ àwòrán ni, ọwọ́ yín nìkan ni mo fẹ́ yà, mi ò ní ya ojú yín.” Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn máa ń mú ọkàn wọn balẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ kọjá. Bí wọ́n bá gbà, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì fi àwòrán náà hàn wọ́n kí ẹ tó lọ, ó dára o, kò dára o. Ẹni tó ti fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe yóò sọ fún yín lójú ẹsẹ̀ bí ẹ bá fi àtàǹpàkò sí ibi tí kò yẹ.

Bí ẹ ó ṣe yẹ iṣẹ́ yín wò

Ẹ gbé àwòrán síwájú dígí, tàbí kí ẹ yí i dorí kodò. Ohun tó wọ́ á yọ sójú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ béèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé ìka àti ara ọwọ́ dọ́gba? Ṣé oríkèé tò lórí ìlà títẹ̀? Ṣé èékánná àtàǹpàkò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́? Ṣé ọrùn ọwọ́ fún ju ara ọwọ́ lọ? Bí ìdáhùn kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ má tún un ṣe lórí bébà náà. Ẹ kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi pa mọ́, kí ẹ tún ọnà lé lórí bébà tuntun.

Ìtì mẹ́wàá lójúmọ́ àti ọwọ́ kan tí ẹ fín parí lọ́sẹ̀ kan ni mo máa ń dá lábàá fún ẹni tó bá ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Nígbà tí ẹ bá ti lè ya ọwọ́ òsì yín ní ipò mẹ́ta láìwo ìwọ̀n inú ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ kan kó wá jókòó fún yín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọwọ́ méjì tó di ara wọn mú. Ìtì kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ lé fún àwọn méjèèjì.